Ẹ Jẹ́ Kí Omi Òjò Rí Ibi Sinmi

Ọ̀rọ̀ àgbàrá la mú wá lóṣù yìí, nítorí pé ibi tí àgbàrá bá ya wọ̀, omi ṣáláńgá àti omi kànga á dàpọ̀, kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù á sì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀ Ramadan, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀ wọn mìlímítà 187.5. Ó lé ní 100 ènìyàn tó bá a lọ. Ògùnpa ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní 31 oṣù Kẹjọ 1980. Àwọn tó kú nígbà náà lé ní 200.

Ẹ bá wa ṣírò o. Òrùlé kan tó jẹ́ mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní òòró, lítà 18,750 omi ló rọ̀ sórí rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 tó lé ní 90 nìyẹn, lórí ilé kan ṣoṣo! Ilẹ̀ igbó ì bá mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Páànù àti kọnkéré kì í mu omi, odò ni wọ́n ń tì í sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn 1980, wọ́n fi kọnkéré la ọ̀nà fún Ògùnpa. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dán a máa mú omi yára dé bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó yẹ kó bá a rìn ni adágún àtọwọ́dá lápá òkè odò. Ẹni tó bá da odindi garawa sí gọ́tà àlùwàlá lẹ́ẹ̀kan náà, omi á kún bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí omi yẹn bá gba ẹnu búta jáde, gọ́tà kan náà á gbé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí búta ni adágún yìí ṣe rí: omi á ya wọ̀ ọ́, ẹnu kékeré ni yóò gbà jáde. Iyanrìn máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa kó o. Èyí tí pàǹtírí bá kún kò láyè fún omi mọ́.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ẹyin ẹ̀fọn ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó di ohun tó ń fò, nítorí náà adágún tó ń gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò fún un láyè. Èyí tí kì í gbẹ, ẹ sin ẹja sí i kó máa jẹ tanwíjí.

Èyí tó kó wa lọ́kàn sókè jù ni àwọn ọmọ tó ń tọ̀ sínú omi, tí wọ́n tún ń wẹ̀ níbẹ̀. Ìtọ̀ ẹni tó ní àtọ̀sí ajá ló ń gbé ẹyin aràn náà dé inú omi. Ó ń dàgbà lára ìgbín kékeré, ó sì ń gba awọ ara wọ ẹlòmíràn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ̀ fún wa kí a tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má jókòó ti àgbo. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀, praziquantel, bí ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ìkòyí-Ilé kò tíì fẹ̀ tó Ìbàdàn, ìyẹn ló fi rọrùn fún wa. Akúrọ̀ tí omi òjò ń sinmi sí, adágún tí Ọlọ́hun gbẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ̀yin bàbá wa onílẹ̀, kí ẹ tó gé e tà, kí ẹ tó jẹ́ kí típà da yẹ̀pẹ̀ dí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ibi tí omi ń gbà lóṣù Kẹsàn-án.