Ṣíṣe Ẹ̀rọ Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ láti Ara Kọ̀ǹpútà Kékeré: Raspberry Pi gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

1. Ìfáárà

Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà kékeré tí a mọ̀ sí Raspberry Pi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe é kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ bí a ti ń kọ ètò àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, Oliver Mattos àti Oskar Weigl, ti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé ètò àṣẹ kan àti wáyà kan tó láti sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ó sì fẹ́ fi hàn pé mímú ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ kò le. Pípa á lẹ́nu mọ́ níbi tí kò yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ gan-an.

2. Bí Ohùn Ṣe Ń Jáde

Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní aago tí ń lù nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aago inú Raspberry Pi àkọ́kọ́ ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi 5 pín in, yóò di mílíọ̀nù 100, èyí tí àwọn onírédíò ń pè ní 100 MHz. Iye yìí bọ́ sí àárín 87.5 sí 108 MHz tí àwọn ilé iṣẹ́ FM ń lò. Ètò àṣẹ náà ń darí ìlù yìí sí ìkeje nínú ṣóńṣó irin 26 tí ó wà lára kọ̀ǹpútà náà. Wáyà kúkurú tí a so mọ́ ọn ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ́ríà.

Ṣùgbọ́n ìlù lásán kì í ṣe ọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí onígángan ti ń fún ọṣán kí ohùn ìlù rẹ̀ lè ròkè kí ó sì rodò, bẹ́ẹ̀ ni ètò àṣẹ náà ń yí iye tí a fi ń pín aago padà díẹ̀díẹ̀. Bí iye náà bá dín, ìlù á yá sí i; bí ó bá pọ̀, á falẹ̀. Ìyípadà yìí ni rédíò tí ó wà nítòsí ń tú padà sí ọ̀rọ̀ tàbí orin.

3. Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Ipò méjì péré ni ṣóńṣó irin náà mọ̀: kí iná wà, tàbí kí ó má sí. Nítorí náà, ìgbì rẹ̀ kò rí rọ̀bọ̀tọ̀. Ó ní igun. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn. Bí 100 MHz ti ń jáde ni 300, 500 àti 700 ń tẹ̀ lé e, bí agbára wọn tilẹ̀ ń dín kù. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ òfurufú ológun ń lo àárín 225 sí 400 MHz. 300 sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò ní mọ̀, nítorí orin dídùn nìkan ni rédíò tirẹ̀ yóò gbé jáde. Òkò tí a bá sọ sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá.

4. Ohun Tí Ó Yẹ ní Ṣíṣe

Asẹ́ ni àtúnṣe ewu yìí: kọ́ìlì àti kapásítọ̀ tí a tò sí àárín ṣóńṣó irin àti ẹ́ríà, kí 100 lè kọjá, kí 300 àti àwọn tí ó ga jù ú lọ má baà rí ọ̀nà. Asẹ́ nìkan kò sì tó. Òfin Wireless Telegraphy Act ti ọdún 2006 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí òfin bá yọ sílẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sàn kí ó fi rẹsísítọ̀ tí ó yẹ rọ́pò ẹ́ríà, kí ó sì gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Yóò gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì ní di ẹlòmíràn lọ́wọ́.