Ta Ni Táyé, Ta Ni Kẹ́hìndé?

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí: fọ́tò dúdú-òun-funfun ti àwọn òbí wa.

Ní pálọ̀ ilé wa ní Ìjù, ọ̀kan wà tí a kọ́ sára ògiri. Ọmọdébìnrin méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, ọwọ́ wọn lórí orúnkún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi ìyá mi pé, “Màmá, ta ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé?” Ó ní, “Èmi ni méjèèjì.” Mo rò pé eré ni. Àṣé Táyé ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò. Ayàwòrán kan ní Àkúrẹ́ ló ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, tó sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sórí bébà kan.

Kì í ṣe ilé wa nìkan. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí ìbejì. Bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó wà láàyè á wọ aṣọ ọkùnrin, á sì tún wọ ti obìnrin. Láyé àtijọ́, ère ìbejì ni wọn ì bá gbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, fọ́tò ló gba ipò rẹ̀.

Nígbà tí mo ti ilé-kéwú dé, tí mo rò pé mo ti mọ̀wé, mo já fọ́tò náà sílẹ̀, mo ní ó jọ ère. Ìyá mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò jẹun alẹ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ọlọ́run, jẹ́ kí n tún rí Táyé ní àlùjánnà.” Ó wá sọ fún mi pé, “Fọ́tò yẹn kọ́ ni mò ń bẹ̀. Mi ò rántí ojú Táyé mọ́. Ojú tèmi ni mo fi ń rántí rẹ̀.” Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e padà. Àwọn àlùfáà ṣì ń jiyàn lórí fọ́tò. N kò wá dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín.

Kí ló dé tí irú fọ́tò yìí fi ń wọni lára? Kò sí àwọ̀ aṣọ tí yóò fa ojú ẹni lọ. Ojú ènìyàn nìkan là ń wò. Fàdákà ló sì ya dúdú inú rẹ̀: bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa, kì í tètè ṣá bí aró fọ́tò aláwọ̀.

Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako ní ọdún 1948. Lónìí, àwọn oníbàárà rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá lókè òkun, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ wo ògiri ilé yín. Bí àgbà tó mọ̀ wọ́n bá ṣì wà, ẹ bi í léèrè, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò. Ìyá mi ti lọ bá èkejì rẹ̀. Mo ti kọ tiwa: “Lápá ọ̀tún, Kẹ́hìndé. Lápá òsì, Kẹ́hìndé tó jókòó fún Táyé.”