Inú Ọfà Ni Iṣẹ́ Wà

Lọ́dún 1966, ọkùnrin ará Missouri kan, Holless Wilbur Allen, kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fún òun ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọrun tuntun kan tí òun ṣe. Ó fi kẹ̀kẹ́ kéékèèké sí orí ọrun náà lókè àti nísàlẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ náà jáde ní 1969, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ọrun oníkẹ̀kẹ́ fi gbòde láàárín àwọn ọdẹ. Wọn ò jẹ̀bi. Bí èèyàn bá fa irú ọrun bẹ́ẹ̀ dé òpin, kẹ̀kẹ́ á gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó kù fún ìka láti dì mú lè má ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ó lè dúró jẹ́ẹ́, kó fojú wọn ẹran dáadáa, kó tó tú ọfà sílẹ̀.

Àwọn kan kọ̀, wọn ò kúrò nídìí ọrun tí kò ní kẹ̀kẹ́, tí kò ní awò ìfojúsùn, tí kò ju igi, ọṣán àti apá ẹni lọ. Ní Michigan àti Wisconsin, níbi tí àgbọ̀nrín onírù funfun pọ̀ sí, irú wọn ṣì ń wọ igbó lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń kó gbogbo owó lé ọrun lórí. Àṣìṣe gbáà ni. Ọrun ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọfà ló ń bá ẹran pàdé, ọfà tí kò bá sì bá ọrun mu kò lè pa ẹran bó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ ọrun kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú apá rẹ̀ méjèèjì tó tẹ̀, ó sì ń dá a padà lójijì nígbà tí ìka bá yẹ̀ kúrò lára ọṣán. Bí ọrun bá ti ń tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ojú tó kọ sí ẹran, ń nà. Inú rẹ̀, ojú tó kọ sí ọdẹ, ń fún pọ̀. Igi tó lè fara da ìyà méjèèjì kò pọ̀. Yew àti Osage orange ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ọrun ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Bó bá jẹ́ Osage, agbẹ́gi á fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi kan òrùka ọdún kan ṣoṣo nínú igi náà, á sì máa tẹ̀ lé òrùka yẹn láti orí dé ìdí: ibi tó bá ti ga, kí ọ̀bẹ ga, ibi tó bá ti yà, kí ọ̀bẹ yà. Bí ọ̀bẹ bá gé òrùka náà kọjá níbì kan péré, ibẹ̀ ni ọrun máa ti ṣẹ́ bó bá dọjọ́ kan.

Ọgbọ́n mìíràn wà. Ishi, ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀yà Yahi ní California, tó jáde síta ní ìlú Oroville lọ́dún 1911, máa ń lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn ọrun rẹ̀ tó fi igi juniper ṣe. Iṣan ń nà láìjá, òun ló sì ń gba ìyà tí ì bá ba igi jẹ́. Dókítà Saxton Pope bá a rìn ní San Francisco, ó sì kọ́ iṣẹ́ ọrun lọ́dọ̀ rẹ̀ kí Ishi tó kú ní 1916. Ìwé tí Pope kọ ní 1923, Hunting with the Bow and Arrow, ló fa ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà padà sídìí ọfà. Lẹ́yìn náà ni Fred Bear dé, ẹni tó kó ilé iṣẹ́ ọrun rẹ̀ kúrò ní Detroit lọ sí Grayling, ní Michigan, ní 1947. Òun wà lára àwọn tó fi fáíbà (fiberglass) ṣe iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe: fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, òmíràn ní inú, igi maple láàárín, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn.

Irú ọrun báyìí tí orí apá rẹ̀ yí padà síwájú ni wọ́n ń pè ní recurve. Ní ìsinmi, ọṣán rẹ̀ sùn lé ibi tó yí náà. Bí ọdẹ bá ti ń fà á, ọṣán á máa ṣí kúrò lára ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi bíi pé ọrun náà ń gùn sí i, ìdí nìyẹn tí kì í fi í le koko lójijì nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé òpin. Longbow ní tirẹ̀ gùn gbọọrọ, kò yí tó bẹ́ẹ̀. Ó lọ́ra díẹ̀ ju recurve lọ, ṣùgbọ́n kì í pariwo, ọwọ́ tó gbọ̀n díẹ̀ kì í sì í tètè ba ọfà rẹ̀ jẹ́. Longbow ni Howard Hill ń lò, ẹni tó ta ọfà nínú fíìmù The Adventures of Robin Hood ti 1938.

Páùn ni wọ́n fi ń wọn agbára ọrun, nígbà tí wọ́n bá fà á dé íǹṣì 28. Òfin Wisconsin kò gbà kí ọdẹ fi ọrun tí kò tó páùn 30 wá àgbọ̀nrín; ọ̀pọ̀ tafàtafà ń lo bíi 45 sí 55. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wà níwájú. Nínú gbogbo agbára tí ọrun tọ́jú, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin péré ni ọfà máa ń gbé lọ. Ìyókù á kù sínú apá ọrun àti ọṣán, á di ìgbọ̀n, á di ariwo. Bí ọfà bá sì ṣe wúwo tó ni ìpín tirẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà ni tafàtafà ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fi í wá ọfà fífúyẹ́ kiri: fún ọrun páùn 50, ọfà tó tó bíi gíráàmù 32 ni wọ́n fẹ́. Á fò ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 180 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti oníkẹ̀kẹ́ lè tó 300. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fa ọrun tó tú ọṣán rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ọfà níbẹ̀, gbogbo agbára náà kò níbi tó ń lọ ju inú ọrun fúnra rẹ̀. Ó lè fọ́ yángá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọfà wá kàn. Ó dùbúlẹ̀ sórí pẹpẹ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọwọ́ ti di ọrun mú. Ọṣán fẹ́ padà sí àárín ọrun gan-an, igi ọrun sì wà lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí ọfà ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún yà sí òsì nígbà gbogbo. Kì í yà, nítorí pé ó ń tẹ̀. Bí ìka bá yẹ̀, agbára á ti dé ìdí ọfà kí orí rẹ̀ tó mira, àárín rẹ̀ á sì tẹ̀ sọ́dọ̀ ọrun, á tún tẹ̀ kúrò níbẹ̀, á yọ́ kọjá lára igi náà bí ejò tó gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. Á máa bá ìgbọ̀n náà lọ lójú òfuurufú títí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ á fi pa á lẹ́nu mọ́. Ojú lásán kò lè rí i. Ní àwọn ọdún 1930, Clarence Hickman, onímọ̀ físíìsì ní Bell Labs, fi kámẹ́rà tó yára gan-an yà á, ohun tí àwọn tafàtafà ti ń jiyàn lé lórí tipẹ́ sì hàn kedere.

Gbogbo iṣẹ́ ìtúnṣe wà lórí ìtẹ̀ yìí. Ọfà tó bá le jù á gbá igi ọrun, á sì yà sí òsì; èyí tó bá rọ̀ jù á yà sí ọ̀tún. Fún ọfà carbon, wọ́n ń gbé e lé orí òpó méjì tí àlàfo wọn jẹ́ íǹṣì 28, wọ́n á so ìwúwo tí kò tó páùn méjì mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe tẹ̀ tó. Èyí tó bá tẹ̀ ní ìdajì íǹṣì ni wọ́n ń pè ní 500. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ọfà ṣe rọ̀ tó, ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ lójú rú nìyẹn. Àwọn mìíràn ò fẹ́ carbon rárá. Igi kédárì Port Orford, tó ń hù ní etíkun Oregon, ni wọ́n ń lò, nítorí pé ó tọ́, ó lágbára, òórùn rẹ̀ sì dùn nígbà tó bá ṣẹ́.

Bí ọdẹ ṣe ń mọ̀ pé ọfà òun bá ọrun mu rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù. Á yọ ìyẹ́ kúrò lára ọfà kan, á ta á sí ibi tí kò jìnnà, á wo bó ṣe dúró. Bí ìdí rẹ̀ bá kọ sí òsì, ó rọ̀ jù. Kó gé ọ̀pá ọfà kúrú díẹ̀, nítorí pé ọfà kúkúrú le ju gígùn lọ. Bí ìdí rẹ̀ bá kọ sí ọ̀tún, ó le jù. Kó fi irin tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ sí orí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa gé e. Ohun tí ayùn ti mú lọ kò ṣeé dá padà.

Ìyẹ́ tòlótòló mẹ́ta ló sábà máa ń wà ní ìdí ọfà náà, gbogbo wọn láti apá ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí wọ́n lè mú ọfà yí bó ṣe ń lọ. Wọn ò fi ọ̀rá rọ́pò rẹ̀, nítorí pé bí ìyẹ́ bá kan pẹpẹ ọrun, á sùn, á kọjá. Ọ̀rá líle á ta ọfà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò ni ọ̀tá ìyẹ́. Àwọn ọdẹ kan máa ń fi páúdà pa á kó má baà rin.

Ariwo ni ọ̀tá ọdẹ fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí ẹran wà ní yáàdì 20, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 60. Ọfà á lo ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kó tó débẹ̀. Ìró ọṣán, tó ń rìn ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti dé etí rẹ̀ tipẹ́. Àgbọ̀nrín tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí agbára fò, ọfà á sì gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń so irun àgùntàn tàbí awọ onírun mọ́ ọṣán. Wọ́n tún máa ń lọ́ ọṣán náà kó kúrú tàbí kí wọ́n tú u kó gùn, kí àlàfo tó wà láàárín òun àti ibi ìdìmú lè yí padà, wọ́n á sì máa tẹ́tí títí ọrun á fi dákẹ́.

Orí ọfà ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ọdẹ Amẹ́ríkà àti ti ọdẹ Yorùbá àtijọ́ ti pínyà. Oró ni ọfà inú apó àwọn baba ńlá Yorùbá gbọ́kàn lé. Irú ewéko Strophanthus tí wọ́n ń sè fún un ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, ọkàn ẹran ló ń kọlù. Ọfà Michigan kò ní oró kankan. Ẹ̀jẹ̀ tó dà ló ń pa ẹran náà, nítorí náà ojú abẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí fífẹ̀ orí ọfà má dín sí ìdá méje nínú mẹ́jọ íǹṣì. Abẹ olójú méjì ló dára jù fún ọrun tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé ohun tó ń dí i lọ́nà nínú ara ẹran kéré sí ti olójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ti Howard Hill gùn ní ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀.

Fáìlì ló máa kọ́kọ́ gba ojú abẹ kọjá, lẹ́yìn náà òkúta ìpọ́nbẹ. Ọdẹ á na rọ́bà ìdìwé láàárín ìka méjì, á fi kan ojú abẹ náà fẹ́rẹ́. Bí kò bá já lójú ẹsẹ̀, kó tún un pọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí: abẹ tó mú á gé ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àgbọ̀nrín á ṣubú láìpẹ́, abẹ tó kú á kàn ti òpó ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran á lọ jìyà sínú igbó. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí wọ́n ta àgbọ̀nrín tó kọjú sí ọdẹ. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ hàn, tàbí kó yí ìdí sí ọdẹ díẹ̀, kí ọfà lè gba ẹ̀yìn eegun èjìká wọlé dé àyà. Lẹ́yìn tó bá ta á, ọdẹ á dúró tó bíi ààbọ̀ wákàtí kó tó tọpa ẹ̀jẹ̀, kó má baà lé ẹran tó ti fẹ́ sùn.

Ní Michigan, ọjọ́ kìíní oṣù October ni àsìkò ọfà máa ń bẹ̀rẹ̀, á gbà fún oníbọn ní November 15, á sì padà ní ọjọ́ kìíní oṣù December. Òtútù December ń yí ètò ọrun padà. Ẹ̀wù nínípọn kì í jẹ́ kí apá nà tó bó ṣe ń nà ní October. Íǹṣì kan tó bá dín lára ìfà á mú bíi páùn méjì sí mẹ́ta kúrò nínú agbára ọrun, ọfà tó sì bá a mu tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í le jù. Apá ẹ̀wù náà tún wà lójú ọ̀nà ọṣán, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń de ìbòpá aláwọ mọ́ orí rẹ̀. Láti November ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti máa ń wọ ẹ̀wù òtútù wọn ta ọfà sí àpò ìdánrawò lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n máa wọ̀ gan-an lórí igi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹran.