Àdéhùn Tí A Kò Kà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí ni ti àdéhùn tí à ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ lójú fóònù láì kà á.

Láyé àtijọ́, bí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé ní Ìkòròdú, akọ̀wé tí ó bá a kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Òfin tí ó dáàbò bo aláìmọ̀wé ni ó pa á láṣẹ.

Lónìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á fi ẹlẹ́ja kan ní ọjà Ṣábọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń wá 20,000 náírà kún owó ọjà. Ó gba áàpù ayánilówó kan sórí fóònù rẹ̀. Ìwé gígùn yọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà rẹ̀ rí wínníwínní. Bí kò bá tẹ "Mo gbà", kò sí owó. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé òun ti yọ̀ǹda nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù òun. Bí ọjọ́ gbèsè bá kọjá, ayánilówó tí kò láàánú a ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ àti lémọ́mù rẹ̀ pé olè ni. Nítorí irú ìwà yìí ni àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, "Ṣebí ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi tẹ̀ ẹ́?" Òtítọ́ ni, ẹni tí ó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèfà. Ṣùgbọ́n gbèsè ọ̀tọ̀, ìtìjú ọ̀tọ̀. Òfin oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ sí èdè tí ó yéni, ó sì lòdì sí àdéhùn ìrẹ́jẹ. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fi kún un pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé ẹni tí ó gbà lè yí ọkàn padà. Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tí ó ni WhatsApp. Ara ẹ̀sùn náà ni pé wọn kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa yan ohun tí ó wù wọ́n lórí dátà wọn. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo èlé àti ọjọ́ ìsanwó, ẹ má yọ̀ǹda nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ayánilówó náà wà nínú ìwé FCCPC. Ṣùgbọ́n ẹrù náà kì í ṣe tiwa nìkan. Bí akọ̀wé àtijọ́ bá lè ka ìwé sí aláìmọ̀wé létí, ẹ̀rọ tí ó gbọ́n tó báyìí lè sọ ọ́ fún ẹlẹ́ja ní Yorùbá.