Afẹnusàba: Ẹja Banggai nínú Àpótí Omi Iyọ̀

Àyíká erékùṣù Banggai ní Indonéṣíà, níbi tí àpáta iyùn wà, ni ẹja tí Koumans sọ ní Pterapogon kauderni ní 1933 ti wá. Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ó sì gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. A lè sìn ín nílé nínú àpótí gíláàsì, bí omi rẹ̀ bá ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan, tí ìgbóná rẹ̀ sì tó nǹkan bí 25°C.

Ibi tí iṣẹ́ wà fún olùtumọ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà bímọ. Bí abo bá yé tán, akọ a kó ẹyin sẹ́nu fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọmọ a sì tún gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 10. Ní gbogbo àkókò yìí, kì í jẹun. Bí a bá pe èyí ní 'gbígbé ẹyin mì', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé baba ń pa ọmọ jẹ. Ẹni tí ń sìn ín yóò sì máa wá oògùn fún ẹja tí kò ṣàìsàn. Adìyẹ a máa fi ara sàba. Ẹja yìí a máa fi ẹnu sàba. Nítorí náà ni a ṣe dábàá 'afẹnusàba' fún ẹja náà, àti 'ìfẹnusàba' fún ìṣe rẹ̀.

Ìfẹnusàba yìí kan náà ni ó sọ ọ́ di ẹja tí ó rọrùn láti run. Ọmọ afẹnusàba kì í bá ìgbì lọ jìnnà. Ibi tí àwọn apẹja bá ti kó o tán kì í tètè rí arọ́pò. Ní 2007, àjọ IUCN kà á mọ́ ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu àkúrun. Èyí tí a bí nínú àpótí ni ó yẹ kí á máa rà.