Iṣẹ́ Abẹ fún Ẹsẹ̀ Pẹlẹbẹ tí Ń Dunni

Àwọn ìyá tí ń dúró tajà lọ́jà Ṣàngó a máa bi mí ní dìsípẹ́ńsárì wa bóyá iṣẹ́ abẹ lè wo ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Èsì mi nìyí. Bí kò bá dùn yín, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe àrùn.

Ṣùgbọ́n bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wó lulẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ inú ọrùn ẹsẹ̀ wú, tí kò sì lè fi ẹsẹ̀ kan nàgà, ó ṣeé ṣe kí iṣan tí ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró ti máa ya. Bàtà tí ó gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ró, eré ìdárayá fún iṣan, àti dídín ara sísan kù ni a kọ́kọ́ ń lò fún oṣù mélòó kan. Bí ìrora kò bá lọ, ẹ tọ dókítà eegun lọ ní U.C.H., tàbí ní Ìgbóbì l'Ékòó.

Bí ẹsẹ̀ bá ṣì rọ̀, dókítà lè fi iṣan ìka ẹsẹ̀ rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́, kí ó gé eegun gìgísẹ̀, kí ó sún un sí inú, kí ó sì fi irin dè é. Bí ó bá ti gan, oríkèé ni wọn yóò so pọ̀: ìrora a dín kù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ní lè yí sọ́tùn-ún sósì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi falẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ó sì lè tó ọdún kan kí wíwú tó tán. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín tajà. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ń mu sìgá, kí ó sọ fún dókítà, nítorí ọgbẹ́ wọn kì í tètè jiná.