Ọ̀nà Accra: Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́ tí Ó Fẹ́ Rí Ilẹ̀ Òkèèrè

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tí a bá pàdé: wọ́n fẹ́ rí òkè òkun kí ọjọ́ tó lọ lórí wọn. Bí a bá sì bi wọ́n pé òkè òkun wo, Lọ́ńdọ̀nù ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, Amẹ́ríkà ni yóò tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn nínú wọn ti ná owó oṣù mélòó kan lórí físà tí wọn kò rí gbà, owó náà kò sì padà sí àpò wọn. A kò bẹnu àtẹ́ lu ìfẹ́ wọn. Ohun tí ó ń yà wá lẹ́nu ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹnì kan láàárín wọn tí ó ti dé Kútọnu rí. Olùkọ́ tí ó lè sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé odò Thames ni ó la Lọ́ńdọ̀nù kọjá kò mọ̀ pé odò Mono ni ó pààlà sáàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò nítòsí òkun.

Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí nípa ìrìn-àjò kan tí kò béèrè ọkọ̀ òfuurufú, tí kò béèrè físà, tí agbára olùkọ́ tí ó bá fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ sì ká. Ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Accra ni a ní lọ́kàn. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 450. Ẹni tí ó bá gbà á yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́ta yàtọ̀ sí tiwa, yóò gbọ́ èdè Ègùn, Fọ̀n, Ewe àti Akan, yóò sì rí i pé òun kò tíì jìnnà sílé rárá.

Kí a tó mẹ́nu ba ẹrù dídì, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹ̀tọ́ wa. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975, ni a dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, àwọn olórí ìjọba tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní ìlú Dakar, nínú èyí tí wọ́n ti fi ohùn sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ó bá ti mú ìwé ìrìnnà tí ó pé àti ìwé ìlera dání. Lóòótọ́, àdéhùn náà fún ìjọba kọ̀ọ̀kan láyè láti dá ẹni tí òfin rẹ̀ kò bá gbà wọlé padà. Ṣùgbọ́n fún ọmọlúwàbí tí ìwé rẹ̀ pé, ẹ̀tọ́ ni wíwọlé yìí, kì í ṣe oore tí òṣìṣẹ́ bodè kan ń ṣe é.

Àwa fúnra wa ti fojú winá àìmọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́rin jọ rin ọ̀nà náà. Ọ̀kan nínú wa fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú falẹ̀, ó di ìjẹta ọjọ́ ìrìn-àjò kí ó tó lọ gbà á. Nígbà tí a dé ẹnubodè kan, tí a kò ní í dárúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó yẹ káàdì wa wò sọ pé ti ẹni yìí kò tíì lágbára. A bú sí ariwo pé ó ń wá owó ẹ̀yìn. Owó ẹ̀yìn ni ó ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lóòótọ́: ọjọ́ 10 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú. A sanwó, a kò sì gba ìwé ẹ̀rí owó kankan. Bí a ti ń ka owó náà sí i lọ́wọ́, ìyá oníṣòwò kan tí ó gbé àpò aṣọ lérí na ìwé tirẹ̀ sí wọn, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwé mẹ́wàá mẹ́wàá ni ó wà nínú àpò wa, àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí ìmúrasílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ wa wà ní ti ọdún 5 àti ti ọdún 10. Ẹni tí kò bá ní in lè béèrè ìwé ìrìnnà ECOWAS lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n, nítorí ìwé yìí tó fún ìrìn-àjò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni kí ó tẹ̀ lé e, ní ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera tí ìjọba yàn fún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra káàdì náà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní gáréèjì láìgun abẹ́rẹ́, nítorí pé àìsàn náà kì í ka káàdì kí ó tó pani. Láti ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti gbà pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé káàdì yín ti kú nítorí pé ó pé ọdún 10, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

Ní bodè kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ méjì ni a ń gbà: ti orílẹ̀-èdè tí a ń jáde kúrò níbẹ̀, àti ti èyí tí a ń wọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ gbà wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí wọn yóò sáré pàdé ọkọ̀, tí wọn yóò ní àwọn yóò bá yín ṣe é kíákíá. Ẹ má ṣe fi ìwé yín lé wọn lọ́wọ́, bí ẹ̀rín wọn ti wù kí ó dùn tó. Àwọn awakọ̀ mìíràn náà a máa gba owó bodè lọ́wọ́ èrò lápapọ̀, wọn a sì mú wọn kọjá láìsí òǹtẹ̀. Ìrọ̀rùn ni lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ti di ẹni tí ó yọ́ wọ ìlú onílùú, kò sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́ ní bodè tí ó kàn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ tí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí dání, nítorí àwọn tí ń fi ọmọ ṣòwò ń gba ọ̀nà yìí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní ìdí láti fura.

Ẹ sì béèrè bí ọ̀nà ti rí kí ẹ tó gbéra. Ní ọdún 2018 ni a ṣí ilé bodè tuntun ní Sẹ̀mẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa àti ti Bẹ̀nẹ̀ yóò ti jọ máa ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba wa ti àwọn bodè orí ilẹ̀ pa, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí a tó tún ṣí ti Sẹ̀mẹ̀. Bákan náà, Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ọ̀nà àríwá gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lọ́tọ̀.

Ní ti owó, sẹ́fà ni a ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, sídì ni ti Gánà. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tí báńkì ń ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onípàṣípààrọ̀ ẹ̀bá bodè, ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba tí yóò gbé yín dé inú ìlú, kí ẹ sì tún un kà lójú wọn. Ohun tí ó dùn mọ́ wa nínú ni pé orúkọ owó ẹyọ ní èdè Akan ni wọ́n fi sọ owó Gánà ní orúkọ nígbà tí ó jáde ní ọdún 1965. Àwa náà ná owó ẹyọ rí, ṣùgbọ́n a kò rántí rẹ̀ nígbà tí a ń sọ tiwa lórúkọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a rìn. Ní Àgbádárìgì, kí ẹ tó kúrò nílé rárá, ilé-ẹ̀kọ́ èdè Faransé ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Àjárá, ó sì yẹ kí olùkọ́ èdè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn bodè, ẹ má ṣe sáré kọjá sí Kútọnu, ẹ yà sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Òun gan-an ni olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó. A ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àwọn ìdílé Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá kọ́ ọ bí wọ́n ti rí ilé ìsìn ní Bahia. Níhà àríwá ni Kétu wà, ìlú Alákétu. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ ní ọdún 1889, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ dé yóò mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá bi í pé kí ni ààlà.

Ní Kútọnu, alùpùpù ni ọkọ̀ ìgboro, zémidjan ni wọ́n ń pè é. Ẹ dá iye owó kí ẹ tó gùn ún. Ère obìnrin ológun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022 wà níbẹ̀, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Abomey, níbi tí ààfin àwọn ọba Dàhòmì wà, jìnnà díẹ̀ sí òkun. Láti inú ìlú náà ni àwọn ọmọ ogun Faransé ti kó ẹrù ọba lọ ní ọdún 1892. 26 nínú wọn ni Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ẹni tí ó bá ní àyè kí ó lọ.

Wídà ni a kò gbà kí ẹnikẹ́ni kánjú kọjá. Kò ju kìlómítà 40 lọ sí Kútọnu. Láti inú ìlú dé etí òkun, ìwọ̀n kìlómítà 4 ni ọ̀nà tí a mú àwọn ẹrú rìn, ẹnu ọ̀nà ńlá kan sì wà létí omi tí a pè ní Ilẹ̀kùn Àìpadà. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, ẹ má ṣe gun ọkọ̀. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ni a tà gba ibẹ̀, gba Àjàṣẹ́, gba Àgbádárìgì àti Èkó, lọ sí Bahia àti Cuba. A dúró níbẹ̀ pẹ́ ní ọjọ́ tí a lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́rin títí a fi padà dé ìlú.

Tógò kéré létí òkun, ìrìn-àjò wákàtí bíi mélòó kan ni. Lomé fi ara ti bodè Gánà débi pé inú ìgboro ni ènìyàn ti ń bọ́ sí Aflao. Àwọn Ewe wà ní ìhà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti wà ní ìhà méjèèjì ààlà tiwa.

Accra sì nìyí. Ní pápá tí àwọn òyìnbó ti ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù ni Kwame Nkrumah ti kéde òmìnira ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1957. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí lónìí. W. E. B. Du Bois, ọmọ Amẹ́ríkà, kú sí Accra ní ọdún 1963, a sì lè wọ ilé rẹ̀. Nnamdi Azikiwe ṣe olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post ní ìlú yìí kí ó tó wá dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1937. Fásitì Legon àti ti Ìbàdàn, ọdún kan náà, 1948, ni a dá wọn sílẹ̀. Bí àyè bá sì wà, ẹ dé Elmina, ilé odi tí àwọn Potogí kọ́ ní ọdún 1482.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ kí àlejò tó jókòó pẹ̀lú àwọn ará Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, ará Ọgbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn, fi ilé àti ọjà sílẹ̀ sá wálé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà, àwọn tí a lé sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Olùkọ́ wà nínú wọn, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àpò tí wọ́n fi di ẹrù wọn ni a ṣì ń pè ní Gáńà-mọ́ọ̀sì-gò lọ́jà títí di òní. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Accra kò gbọdọ̀ gbé ìtàn kan dání kí ó fi èkejì sílẹ̀ sílé. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè bóyá ìbátan yín kan wà níbẹ̀ tí kò padà wá ní 1969. Ẹnu yóò yà yín sí iye ìdílé tí ó ní irú wọn.

Nígbà àbọ̀, ẹ fi owó mọ́tò sí ọ̀tọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti dé. Ẹ má ṣe ra ìrẹsì bọ̀ láti Kútọnu. Láti ọdún 2016 ni òfin wa ti kọ̀ ọ́ ní bodè orí ilẹ̀, àwọn aṣọ́bodè yóò sì gbà á. Aago Gánà àti Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ní Hilla-Condji, bí ẹ bá ti wọ Bẹ̀nẹ̀, ẹ yí aago yín síwájú, kí ọkọ̀ Èkó má baà fi yín sílẹ̀ ní Kútọnu.